Àpò Tí Kò Sí Lára Ògiri

Bí ẹ bá wọ ilé Màmá Damaris ní Alápẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ohun tí ojú yín máa kọ́kọ́ rí kì í ṣe àga, kì í sì í ṣe tẹlifíṣàn. Aṣọ gbàgìdì kan ni, tí wọ́n fi ìṣó mẹ́rin kàn mọ́ ògiri pálọ̀, tí àpò mẹ́fà wà lára rẹ̀. Àjákù aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n fi rán àwọn àpò náà, òwú pupa sì ni wọ́n fi kọ orúkọ sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Daddy, Mummy, Bánjọ, Jọkẹ́, Ládé, Success.

Damaris ló rán an lọ́dún 1998, nígbà tí bàbá wọn ṣì wà láyé. Inú àpò wọ̀nyí ni sọ́ọ̀kì ilé ìwé ń sùn mọ́jú, òun àti òòyà àti lẹ́tà tí tíṣà bá kọ sí òbí. Òfin ilé ni pé ohunkóhun tó bá wọlé, kí wọ́n fi í sínú àpò ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ilé yẹn fi ń jáde láàárọ̀ wẹ́rẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ aládùúgbò ṣì ń dọ̀bálẹ̀ wá bàtà ẹsẹ̀ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má sì rò pé àpò nìkan ni o. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó bá ti gbó mọ́ ìyá wọn lọ́wọ́ ní Mile 12, Damaris á fọ̀ ọ́, á sá a sóòrùn, á fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀, ó di ibi ìkó bàtà sí. Agolo mílíìkì á di ilé ṣíbí, òmíràn á di ilé bọ́tìnì, òmíràn á di ilé ìṣó. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí ló ń kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í pé kí ni a máa jẹ lónìí. Ohun gbogbo nínú ilé náà ló ní ààyè tirẹ̀. Síbẹ̀, ìyá wọn kò mọ ọ̀kan níbẹ̀. Obìnrin náà lè wo ẹ̀yìn ọkọ̀ ata kí ó sọ iye àpò tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dé ilé, igbe ni: "Damaris! Ibo ni iyọ̀ wà? Damaris! Ibo lo kó àlùmọ́gàjí sí?"

Bàbá wọn, télọ̀ ọmọ Ṣàgámù, kú lọ́dún 1999. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Damaris tó jẹ́ àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ilé náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá wọn ti ń lọ pàdé ọkọ̀ ata tó ń ti òkè Ọya bọ̀. Àwọn ará àdúgbò a máa yìn ín pé, "Ọmọ tó mọ ilé í tọ́jú!" Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Tí gbogbo ilé bá ti jáde tán, Damaris á jókòó sídìí ẹ̀rọ, ilé á dákẹ́ lọ rọ́rọ́, omijé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń sunkún sí. Á nu ojú rẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ.

Nínú òjò ọdún 2001 ni ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná já. Hùmúàní, obìnrin Ìsẹ́yìn tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, ní ìbátan òun kan wà ní Ifákọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ọjọ́ kejì ni ó mú un wá. Ọlábámijí ni orúkọ rẹ̀, Bámijí ni wọ́n ń pè é: ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí pẹ́ńsù kò kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó tún ilẹ̀kùn ṣe láàárín wákàtí kan. Nígbà tó ń jáde lọ, ó dúró níwájú aṣọ ara ògiri, kò sì lọ mọ́.

"Sister, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Àwọn wo ló ni gbogbo orúkọ yìí?"

"Mummy wa, àtàwọn àbúrò mi. Daddy ti kú, ṣùgbọ́n Mummy ò jẹ́ ká tú tiwọn."

Bámijí fi pẹ́ńsù ka àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún kà wọ́n padà. "Damaris ni Hùmúàní pè ẹ́, àbí? Èwo ni tìẹ?"

Damaris tún wo àwọn àpò náà. Lóòótọ́, nígbà tó ń rán an, ó ní òun á rán tòun gbẹ̀yìn. Àjákù aṣọ tán, iṣẹ́ dé, ó sì gbàgbé. Ọdún mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò bi í.

"Èmi? Kí lèmi fẹ́ fi àpò ṣe now? Èmi ni mo ń bá wọn tọ́jú ẹ̀."

"Hmm," ni Bámijí wí. Ó dágbére, ó lọ. Ṣùgbọ́n Damaris kò lè rán ohun kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn jókòó, ó ń wo ògiri.

Ilẹ̀kùn tó ti dára tún bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ má bi mí bó ṣe ń já. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kì í pé méjì tí Bámijí kì í wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá Damaris fi pákó pẹlẹbẹ so apẹ̀rẹ̀ méjì pọ̀, ó di pẹpẹ ìwé fún àwọn ọmọ. Damaris náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó bá a tó da gbogbo ìṣó rẹ̀ pọ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì kan, ńlá àti kékeré.

"Ẹ̀yin lẹ ń fi ọjọ́ kan wá ìṣó kan," Damaris wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kó agolo mílíìkì méje wá, ó tò wọ́n sára pákó, ó ṣa ìṣó náà ní ìwọ̀n ìwọ̀n. Bámijí dúró tì í, ó ń wò ó.

"Damaris, tó bá rẹ ìwọ náà, ta ló ń bá ẹ ṣe é?"

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Kò wọ̀ ọ́ nítorí ẹwà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà kò burẹ́wà. Ó wọ̀ ọ́ nítorí pé láàárín gbogbo ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ lójúmọ́, ẹnìkan ṣoṣo yìí ni kì í pè é láti béèrè ibi tí nǹkan wà.

Ní oṣù Ògún ọdún 2003, Hùmúàní ró ìró tuntun, ó wá jókòó níwájú Màmá Damaris gẹ́gẹ́ bí alárinà, ó sì mú Bámijí dání. Ìyá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin. Ó wá na ìka mẹ́ta sókè.

"Ará òkè. Mùsùlùmí. Káfíńtà. Hùmúàní, èwo ni kí n fi ara mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká fẹ̀sọ̀ ṣe é. Nílé tiwa ní Ìsẹ́yìn, ìmàle àti onígbàgbọ́ jọ ń jẹun nínú àwo kan ni. Ọmọkùnrin yìí ò ní kí Damaris má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mi ò ní, Mummy," ni Bámijí wí lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ibi tó bá fẹ́ ká ti ṣe é, ibẹ̀ la ó ti ṣe é."

"Dìde nílẹ̀. Mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n má wọ ilé yìí mọ́, àfi tí mo bá ránṣẹ́ pè ẹ́."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá dúró síwájú aṣọ ara ògiri, ó kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀. "Tó o bá lọ," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ta ló máa mọ ibi tí nǹkan wà?"

Damaris rò pé àwàdà ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó pàdé Bámijí ní Ketu, lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀. Inú rẹ̀ pín sí méjì. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí dé inú eegun, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ẹkún ìyá rẹ̀ ṣe orin ìyàwó?

"Fún mi láyè díẹ̀," ó wí.

"Ìwọ tó o máa ń wá ààyè fún gbogbo nǹkan," ni Bámijí fèsì. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ìgbà tó yá, a kò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta. Àwọn méjèèjì kò ní fóònù. Hùmúàní tí ì bá bá wọn gbé ọ̀rọ̀ ti lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn. Ọjọ́ tó ń lọ gan-an, Damaris kò sí nílé, ó ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Obìnrin náà sì jókòó sí Ìbàdàn, kò padà mọ́.

Níparí oṣù Bélú, Damaris gbé ìtìjú tà, ó lọ sí Ifákọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì pa. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ń ta búrẹ́dì níwájú rẹ̀.

"Aunty, káfíńtà lẹ̀ ń wá? Ó ti lọ sílé o. Ó ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni."

"Ìgbéyàwó ta ni?"

"Tiẹ̀ náà ni now! Inú ẹ̀ dùn gan-an."

Damaris dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ra búrẹ́dì. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ifákọ̀ dé Alápẹ̀rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó dé ilé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé tó béèrè ibi tí iyọ̀ wà, ó fi hàn án.

Ọdún ń gorí ọdún. Bánjọ ríṣẹ́ sí Port Harcourt. Jọkẹ́ wá ọkọ, ó lọ sí Abẹ́òkúta. Damaris ló rán aṣọ ìyàwó fún àbúrò rẹ̀, ó fi ilẹ̀kẹ̀ kéékèèké sí i lọ́rùn níkọ̀ọ̀kan, ó sì jó lọ́jọ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ládé wọ ilé ìwé gíga. Nígbà tó di ọdún 2006, Success náà parí sẹ́kọ́ńdírì, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ Jọkẹ́. Ó wá ku ìyá àti ọmọ, àti àpò tí kò sí sọ́ọ̀kì nínú rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, Damaris ṣì ń kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ẹ̀wà ní Ọjọ́rú. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Á sè é, á wò ó, á dé e padà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ògún ọdún náà, ẹsẹ̀ ń dun ìyá, kò lọ sí Mile 12. Ó ń tòògbé lórí àga nígbà tí Damaris bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó ara ògiri.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo fẹ́ fọ̀ ọ́, Mummy. Eruku ti pa á."

"Fi sílẹ̀! Má fọwọ́ kan ti bàbá yín!"

Igbe náà pọ̀ ju ohun tí aṣọ kan tó lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Damaris ti wọ inú àpò Daddy. Téèpù tí bàbá fi ń wọn aṣọ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àpòòwé kan tí wọ́n ti tú, tí orúkọ tirẹ̀ wà lára rẹ̀.

*Damaris mi,* ni lẹ́tà náà wí, *mo ń lọ sí Ìsẹ́yìn lọ mú bàbá mi wá, kí wọ́n lè tọrọ rẹ bó ṣe yẹ. Màmá ní kí n má wọlé mọ́, n kò sì fẹ́ rú òfin wọn, nítorí náà ni mo ṣe fi èyí rán Hùmúàní. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ń fẹ́ lẹ́nu rẹ. Kọ ọ́, kí o tì í sí abẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, n ó wá wò ó kí Kérésì tó dé. Bí o bá ní ká wá, a ó wá. Bí n kò bá rí nǹkan kan, n ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo fẹ́ wà, n kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.*

Damaris kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó rántí ilẹ̀kùn yẹn. Ó ti dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Mummy," ó wí, "báwo ló ṣe dé ibí?"

Ìyá ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Inú àpò tèmi ni Hùmúàní fi í sí lọ́jọ́ tó wá dágbére. Ó wá tìẹ títí, kò rí. Ó ní ṣebí ohun tó bá ti wà lára ògiri yìí á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín."

"Ẹ sì kà á."

"Mo kà á. Mi ò lè fà á ya. Mi ò sì lè fún ẹ. Mo wá fi í sọ́dọ̀ bàbá yín, mo ní kí wọ́n bá mi dá ẹjọ́ ẹ̀."

"Daddy ti kú, Mummy."

"Mo mọ̀." Ìyá gba gíláàsì bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. "Torí pé wọ́n ti kú ni mo ṣe fún wọn. Ẹ̀rù ló bà mí, Damaris. Bàbá yín ti lọ. Àwọn tó kù, mo mọ̀ pé wọ́n á lọ, ọmọ á dàgbà ni. Ìwọ nìkan ni mo rò pé mo ní."

"Ará òkè, Mùsùlùmí, káfíńtà."

"Irọ́ ni. Kò sí èyí tó dùn mí níbẹ̀."

Damaris rẹ aṣọ náà sínú omi ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Ó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, ó ń wà á láìsí aṣọ, láìsí òwú lójú abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ láti orí àga. Ọjọ́ méjì ni wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Sátidé, tí ọjà Mile 12 máa ń dùn jù lọ, Màmá Damaris wẹ̀, kò wọ aṣọ ata. Léèsì tó fi ń lọ gba oúnjẹ Olúwa ló wọ̀, ó fi gèlè sí i.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?" ni Damaris béèrè, nítorí kò lè pa á mọ́ra.

"Mò ń bọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ará ilé ọkọ ló ń wá, àwọn ló ń dọ̀bálẹ̀, àwọn ló ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá ìyàwó a máa jókòó ni, á gbé imú sókè díẹ̀. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ìyá ọmọ lọ bẹ ọkọ nílé ọkọ?

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló tó wọlé. Èérún pákó kún etí ìró rẹ̀, ó sì pọ̀ jù níbi orúnkún méjèèjì. Damaris rí i.

"Mummy, ẹ kúnlẹ̀?"

"Ó sáré gbé mi dìde. Ó gbé àga fún mi. Ẹ̀kọ́ ilé wà lára ọmọ yẹn." Ìyá jókòó, ó tú gèlè. "Mo fún un ní lẹ́tà ẹ̀ padà. Mo sọ ibi tó ti wà látìgbà náà."

"Ó ti gbéyàwó?" ni Damaris béèrè.

"Kò tíì gbé. Àwọn ará ilé ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó sú wọn. Ó ní òun dúró títí Kérésì ọdún yẹn fi kọjá, òun tún dúró di èkejì. Ìgbà tó yá, òun ò dúró mọ́, ṣùgbọ́n òun ò rí ibòmíràn lọ."

"Kí ló wá wí?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò yé mi. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí n padà sílé, kí n wo ara ògiri wa dáadáa, kí n wá bi ẹ́ pé, èwo ni tìẹ?"

Damaris fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹkún dé, ẹ̀rín dé, kò mọ èyí tí yóò jẹ́ kó ṣáájú.

"Kí lẹ fi dá a lóhùn?"

"Mo ní n ó bi ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àpò yẹn lọ́kàn mi. Daddy. Mummy. Bánjọ. Jọkẹ́. Ládé. Success." Ìyá ń fi ìka kà wọ́n bó ṣe ń sọ ọ́. "Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, Damaris. Mo ní bóyá mo gbàgbé ọ̀kan ni. Èmi tí mo bí ẹ."

Damaris lọ kúnlẹ̀ tì í, wọ́n sì jọ sunkún. Ọdún méje tí bàbá ti kú ni wọ́n ti jẹ ẹkún náà ní gbèsè.

Nígbà tó ṣe, Damaris dìde. Ó yan aṣọ kan tó dára jù nínú àwọn àjákù rẹ̀, ó gé e, ó fi òwú pupa sójú abẹ́rẹ́. Ìyá ń wò ó bó ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó fọ̀ lọ́jọ́sí wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ti gbẹ, wọ́n kò tíì gbé e kọ́ padà. Ìyá gbé e sún mọ́ ọn.

"Gbà, rán an mọ́ tiwa. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ni kó o fi í sí."

"Rárá, Mummy." Damaris já òwú náà. "Ògiri Ifákọ̀ ni mo fẹ́ kàn án mọ́."

Ìyá wo àpò kékeré náà títí, ó wá fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde, ó wọ ìdáná lọ. Damaris ń retí kó pariwo béèrè nǹkan, bó ṣe máa ń ṣe. Kò pariwo. Agolo ló ń dún. Nígbà tó jáde, ìṣó méjì ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Agolo kẹta láti ọwọ́ òsì," ó wí. "Máa lọ. Mo mọ ibi tí nǹkan wà."